Èéfín Wa Gba Irinwó Máàkì

"Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ, má kọ ohun tí o bá rò, àbí ìwọ lo ni lẹ́tà ni."

Ohun tí Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, láti ìdí òkìtì èédú lẹ́yìn ilé, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà, Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí wọ́n ní kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Láti ibí lọ, níbi tí ẹ bá ti rí "ọmọ mi," Ìyá ló ń sọ̀rọ̀, èmi kàn di bírò mú ni. Níbi tí ẹ bá ti rí "Ẹ̀gbọ́n mi," èmi ni, wọn ò sì sí nítòsí.

Ọmọ mi, èmi ìyá rẹ ni mo kí ọ. Mo kí ọ bí a ṣe ń kí ẹni tó jí ire, mo kí ọ bí a ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì fi ìkíni ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kún un, kí èyí tó bá bá ọ nílé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wọlé. Aburú kò ní mọ ojúlé rẹ. Èékánná tí o fi ń họ ara lónìí, òun náà ni wàá fi máa tú okùn àpò owó lọ́la. Àṣẹ. Mo ní kí àbúrò rẹ kọ àṣẹ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀nà jìn, ọ̀kan lè já bọ́. Àṣẹ.

Ilé dára. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan ń sáré kiri, èkejì kàn dúró ó ń wo ènìyàn bí ẹni tó ń retí kí a tọrọ àforíjì. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ti mọ ojú ibi tó ń jò sí, a gbé garawa síbẹ̀, nítorí náà a ò kà á sí jíjò mọ́, omi la kà á sí. Àbúrò rẹ wà láàyè. Ó fajú ro bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀ tí kò sì rọ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru yìí, ó ní bí wọ́n ṣe ń múra lóde báyìí nìyẹn. Mo ní kí ó kọ ìyẹn náà sí i. Ó ti kọ ọ́.

Ọmọ mi, mo rí fọ́tò apá rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo rí bí ó ṣe pupa, tí ó ń bó ní kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́ bí ara ògiri tí òjò ti lù. Mo mú ìpara, mo fi pa á lójú fóònù níbẹ̀. Mi ò gọ̀ tó bí o ṣe rò, mo mọ̀ pé gíláàsì ni, mo sì mọ̀ pé ìpara ò lè rin ìrìn àjò tó jìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá kì í rí egbò ọmọ kó jókòó. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìpara náà ló ṣàn wọ ẹnu fóònù, láti ìgbà náà fóònù ò sọ̀rọ̀ mọ́, mo rò pé ẹnu rẹ̀ ló kún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń kọ lẹ́tà.

Kí ẹnu fóònù tó kún, o ti sọ ohun tí dókítà awọ ara wí fún wa. Jẹ́ kí n tún un sọ kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ìlú ló ń dà ọ́ láàmú. Ó ní èéfín mọ́tò, àti èéfín àwọn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń bá wọn tẹ ìwé, ó ní eruku kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ò lè rí, tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, pé ó ń bà lé awọ ara, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, omi ara ń gba ibẹ̀ jáde, ohun tó ń yúnni ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní ẹni tí ara ti ń yún láti kékeré bíi tìrẹ, tí ó máa ń lọ tí ó máa ń bọ̀, èéfín ló máa ń pè é padà wálé. Ọmọ mi, èyí ò ṣòro fún mi rárá, iṣẹ́ mi ni dókítà náà ń sọ. Tí a bá to igi tí a fẹ́ sun di èédú tán, tí a fi ewé bò ó, tí a fi yẹ̀pẹ̀ rẹ́ ẹ, yẹ̀pẹ̀ yẹn ni awọ òkìtì. Bí ó bá sán níbì kan, ìbáà jẹ́ ìlà tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, atẹ́gùn á wọlé, iná tó yẹ kó máa tògbé á jí, gbogbo igi á di eérú, ènìyàn á sì káwọ́ lérí. Awọ rẹ ló sán. Rírẹ́ ló fẹ́. Mo bi ọ́ bóyá dókítà fún ọ ní ohun tí a fi ń rẹ́ ẹ, o ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpara tó ki, àti pé kí o máa fi omi ṣan eruku kúrò lára tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé kí o tó fi pa. Pa á dáadáa. Má ṣahun sí ara rẹ.

O wá ní ọ̀gá rẹ fún ọ láyè kí o lọ sinmi níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti dára, títí ara á fi rọlẹ̀. Mo ní ilé ni ibẹ̀ yẹn. O ní ilé wù ọ́, ṣùgbọ́n èéfín òkìtì ń bà ọ́ lẹ́rù. Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín. Àlejò ni èéfín mọ́tò, kò mọ ìyá rẹ, kò mọ bàbá rẹ, tó bá ṣe ọ́ níkà kò yà mí lẹ́nu. Èéfín tiwa, inú rẹ̀ la bí ọ sí. Òun ló san owó ilé ìwé rẹ. Òun ló ra bàtà tí o wọ̀ lọ sí ìlú. Èéfín tó mọ ọmọ láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ṣé irú èyí lè yíjú padà kó máa bó o lára?

O ní o ò fẹ́ bá mi jiyàn, wàá fi ẹ̀rọ kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ ránṣẹ́. Dírẹ́bà tó ń kó èédú wa lọ sí ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò rọra rí, òun ló gbé e dé, ó fi aṣọ wé e bí ẹyin. Funfun ni, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. O ní kí a gbé e sí yàrá tí o máa sùn sí, kí a kọ iye tó bá sọ ránṣẹ́, iye yẹn lo máa fi mọ̀ bóyá wàá wá sílé, àbí wàá lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ kan létí òkun. Mo gbọ́ ti etí òkun yẹn. Mo gbé e mì.

Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ojú tí mo fi wò ó báyìí, mo rí i pé olùkọ́ ni, máàkì ló ń fún afẹ́fẹ́. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sétí odò. Mẹ́sàn-án ló fún odò. Iná ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, bí èso tí kò tíì gbó. Àánú odò náà ṣe mí, odò tí a ti ń pọn mu láti ayé bàbá bàbá rẹ, mẹ́sàn-án. Mo ní kí àbúrò rẹ má sọ ọ́ síta. Mo gba orí pákó kọjá sí òdìkejì, sí ilẹ̀ tí bàbá rẹ ti máa ń to òkìtì nígbà ayé rẹ̀, kí ẹ̀yìn tó ń dùn mí tó jẹ́ kí n kó iṣẹ́ wá sẹ́yìn ilé. Mọ́kànlá. Ibẹ̀ náà ò mọ̀wé. Mo dé pálọ̀ wa, ọgọ́rin. Mo ní ó ń bọ̀. Mo dé yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkìtì, igba lé díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò wá balẹ̀ mọ́. Mo gbé e lọ sí ìdí òkìtì gan-an, níbi tí mo lu ihò sí kí èéfín lè máa jáde, ọmọ mi, irinwó lé méjìlá. Ojú rẹ̀ pupa bí èso tó gbó dénú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pí, pí, pí, kò dákẹ́, bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú inú rẹ̀ dùn.

Mo jókòó sílẹ̀. O ti sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ pé àádọ́jọ ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín gbà. Ìlú tó ní yunifásítì, tó ní títì ọlọ́dà, àádọ́jọ. Èmi tí mi ò jókòó nínú kíláàsì rí, irinwó lé méjìlá.

Mo gbé e lọ han Jẹ́jẹ́. Ó ní òun mọ àwọn tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí fún ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà, mo ní kó bá mi fẹ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, kí èyí tó ń gba máàkì lè máa wọlé sí ọ lára dáadáa. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kó gbájú mọ́ bíríkì rẹ̀. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ síbẹ̀, ìrọ̀rí rẹ wà ní ìdí fèrèsé. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnu ọ̀nà ni àbúrò rẹ dúró sí, apá méjèèjì ló ká mọ́ra, kò bá wa gbé nǹkan kan, ó ń wò wá bí ẹni tó ń wo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò. Nítorí náà, iye tí o ní kí a kọ nìyí. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà. IRINWÓ LÉ MÉJÌLÁ.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí. Èéfín ti yí àwọ̀ padà, ìyẹn ni pé òkìtì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá ti sáré lọ rẹ́ ẹ.

Mo mọ̀. Kí n kọ ọ́ kí n sinmi. Ẹ ti ṣàlàyé fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ tí Ìyá lọ gbé ìpara, pé bí iye náà bá ṣe kéré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó, àti pé tó bá pupa tó ń ké, kí ènìyàn kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí a wà lódò. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí a dé ìdí òkìtì. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, Ìyá sì ti jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé itan bí ọmọ tuntun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín wọn hàn dé èrìgì. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí Bàbá ti kú, mi ò rí eyín yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí mo là, èéfín ló wọ̀ ọ́, mo fi húkọ́, mo sì pa á dé.

Lónìí, kí a tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, tí wọ́n sọ fún mi pé kí n kọ iye náà gàdàgbà tí a bá dé ibẹ̀, mo tún gbìyànjú. Mo kàn bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé nọ́ńbà tó pọ̀ ló dára ni. Wọ́n pariwo ohun tí mo kọ sókè pátápátá yẹn mọ́ mi. Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú, ṣùgbọ́n ó ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni kì í jẹ́ kí awọ yín jinná? Ẹ̀yin ni àgbà, ẹ wá sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè sọ ọ́.

Nǹkan kan tún wà. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn yẹn, wọn kì í múra bẹ́ẹ̀ níbì kankan, mo purọ́ ni. Ó ń yún èmi náà. Kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún, ibi kan náà tó máa ń yún ẹ̀yin náà nígbà tí ẹ wà nílé, tí Ìyá máa ń sọ pé ooru ni. Tí òkìtì bá ń rú, mo máa ń họ ọ́ títí á fi máa ṣomi, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn. Tí a bá kó èédú kúrò, tí a ń dúró de igi tuntun, á gbẹ, á máa bó bí ìpẹ́, á sinmi. Tí a bá tún dáná, á tún dé. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ìgbọ̀nwọ́ mi ni ẹ̀rọ tèmi, kò sì lo bátìrì. Mi ò fi han Ìyá nítorí mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á fi ìpara pa mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wá ní kí n lọ jókòó sí yàrá tó gba máàkì.

Mo fẹ́ kí ẹ wá. Kò sí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí àfi ọmọ ewúrẹ́ kejì yẹn, òun náà sì ń retí kí n tọrọ àforíjì. Mo rò ó pé kí n kọ mẹ́sàn-án sí ojú ibi tí irinwó wà. Ìyá ò mọ ìwé kà, ẹ̀yin ò sí níbí, ẹ máa kó ẹrù yín, ẹ máa dé. Mo tiẹ̀ ti kọ "mẹ́" kí n tó pa á rẹ́, ẹ máa rí ibi tí ìwé ti dọ̀tí. Ìgbọ̀nwọ́ mi ló yún mi lákòókò yẹn. Mo rántí fọ́tò apá yín. Mo fi irinwó sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá ti dé. Wọ́n ní kí n ka èyí tí mo ti kọ sí wọn létí. Mo kà á, mo fo ibì kan. Wọ́n ní lẹ́tà náà gùn lójú ju bó ṣe gùn létí lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ló máa ń tóbi tí mo bá ń kọ̀wé. Wọ́n ní ó dára, kí n máa kọ lọ.

Ọmọ mi, òkìtì ti sinmi, mo ti rẹ́ ẹ. Kí a tó parí, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Èkíní ni bátìrì olùkọ́, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, mo rò pé máàkì tó fún wa ló tán an lókun. Èkejì ni aṣọ fèrèsé, nítorí ihò tí bíríkìlà lu ti tóbi débi pé ewúrẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìkẹta, fi èyí tó bá wù ọ́ kún un, èmi ò ní máa sọ fún ọmọ mi bó ṣe máa ṣoore.

Tí a bá ti kó èédú inú òkìtì yìí tán, èmi máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo máa bá a wẹ ọmọ títí ọrùn ọmọ náà á fi le. Àbúrò rẹ ló máa ṣọ́ ilé. Igi tuntun ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo ti kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kàn án kí n tó dé, kó má lọ tò ó sí ìtòkutò. Òkìtì tí a bá ti tò, a kì í tú u, ibi tí a bá tò ó sí náà la ti máa sun ún. Bàbá rẹ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ó ní igi tí wọ́n bá tú ká, iná rẹ̀ kì í gbọ́ràn mọ́. Mi ò rú òfin yẹn rí láti ìgbà tó ti lọ, mi ò sì ní rú u.

Ọmọ mi, máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ti tẹ́. Ibi tí o bá fi awọ rẹ sí, á gbà á. Oorun rẹ kò ní ní ìdáwọ́dúró, ọwọ́ rẹ kò ní rí ibi họ. Ọ̀nà tí o máa gbà wá, Jẹ́jẹ́ á rọra níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Èmi ìyá rẹ ni, tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí èéfín rẹ̀ yege. Àṣẹ, lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti lọ wá ohun tí a máa fi lẹ lẹ́tà pa.

Ẹ tọ́jú lẹ́tà yìí, kí irinwó Ìyá lè wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fi owó bátìrì ránṣẹ́. Mo ti pa ẹ̀rọ náà, èyí tó kù nínú rẹ̀ tó fún ẹ̀ẹ̀kan péré, mo mọ ìgbà tí mo máa lò ó. Ẹ má tíì wá, ẹ má sì tíì lọ sí etí òkun. Ẹ dúró de ìró mi. Iye tí mo bá kọ, inú yàrá yín ni mo máa ti kà á, òótọ́ ni yóò sì jẹ́.

Mo lọ wo ilẹ̀ Bàbá ní òdìkejì odò lánàá. Pákó tí a máa ń gbà kọjá ṣì le. Mo ju ewé gbígbẹ sókè níbẹ̀, atẹ́gùn gbé e lọ sínú igbó, kò gbé e sọ́nà ilé wa rárá. Igi tuntun pọ̀, ó tún wúwo, èmi nìkan sì ni. Ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ tuntun kì í le lọ́jọ́ kan.

Ohun tí mo pinnu, mi ò ní sọ ọ́ fún Ìyá, ẹ̀yin náà ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo kàn lọ yá pọ́ǹpù lọ́wọ́ bíríkìlà ni, mo fi fẹ́ táyà bárò tí a fi ń kó igi, tó ti rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní afẹ́fẹ́ ni mo wá gbà.